Dátà GB 10, Fíìmù Mẹ́ta àti Kọ̀ǹpútà Ọ̀dàlẹ̀

Nígbà tí ilé-ìwé wa gba ìsinmi àárín sáà, mo ra dátà GB 10 kí n lè jókòó sílé ní Kàbbà fún ọjọ́ mẹ́rin, kí n sì wo fíìmù mẹ́ta tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti sọ sí mi létí títí. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, olùkọ́ kì í ra irú dátà bẹ́ẹ̀ láìronú. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa: fíìmù kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní wákàtí méjì, Netflix, orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń wò wọ́n, sì sọ fúnra rẹ̀ pé àwòrán tó mọ níwọ̀n kì í jẹ ju GB 1 lọ ní wákàtí kan. GB 7 yóò tó, èyí tó bá ṣẹ́kù á jẹ́ ti WhatsApp.

October 1, tí Kunle Afolayan gbé jáde ní ọdún 2014, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1960 ni ìtàn náà: òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ìlú kékeré kan, àwọn òyìnbó sì rán ọlọ́pàá kan láti Àríwá, tí olóògbé Sadiq Daba ṣe ipa rẹ̀, pé kí ó wá apànìyàn náà rí kí wọ́n tó fa àsíá tuntun sókè. Mo ti wò ó dé ìdajì, ìfura ti ń ṣí kúrò lórí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn, n kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo gbé abọ́ ẹ̀wà mi sílẹ̀, ni àwòrán bá dúró sójú kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì wọlé pé dátà mi ti tán.

GB 10, láàárín wákàtí kan àti díẹ̀!

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ọmọbìnrin kan tó fi sùúrù sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lò ó, sà." Mo ní olè ni gbogbo wọn. Mo tún ra GB 3 ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òun náà ti tán, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì ṣí fíìmù kankan.

Àbúrò mi tó ti Ẹ̀gbẹ̀ wá kí wa ló béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fóònù lẹ fi ń wò ó ni, àbí kọ̀ǹpútà?" Kọ̀ǹpútà ni, ibẹ̀ ni àṣírí sì ti tú. Fóònù ni mo fi ń fún kọ̀ǹpútà náà ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé dátà tí a fi owó wọ̀n rà ni. Lójú tirẹ̀, Wi-Fi ni Wi-Fi ń jẹ́. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, bí ó ti rí ọ̀nà ni Windows bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo àtúnṣe tó ti ń dúró dè é wọlé lábẹ́lẹ̀, nígbà tí Netflix náà ń gbé àwòrán tó mọ́ kedere fún mi, èyí tó lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Àwọn méjèèjì ń jẹun nínú abọ́ kan náà, èmi sì ń bú ẹni tó ta oúnjẹ.

Mo ṣí ètò Windows, mo tẹ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù mi, mo sì tan ibi tí wọ́n kọ "metered connection" sí, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé dátà tí a fi owó wọ̀n rà ni, kí ó rọra lò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mo sì lè ṣe é lójú oorun báyìí, ṣùgbọ́n GB 13 ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ náà. N kò tíì pe ọmọbìnrin yẹn padà láti tọrọ àforíjì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìdádúró yìí kò ba October 1 jẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń dá ẹjọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ́kàn bí mo ti ń rìn nínú ọjà, nígbà tí mo sì wò ó parí, ẹni tí mo dá lẹ́bi kọ́ ni. (Ẹni tí kò tíì wò ó kò ní gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu mi.) The Black Book, fíìmù kejì, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Richard Mofe-Damijo, tó ṣe ipa díákónì tí àwọn ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́ fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ rẹ̀, wọ̀ mí lákínyẹmí ara ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí kò ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iná lọ ní àárín, nígbà tó sì dé, n kò rántí ẹni tó ń lé ẹnìkejì mọ́, ìró ìbọn ṣáá ni mo ń gbọ́.

Aníkúlápó ti ọdún 2022, fíìmù kẹta, ni mo gbà sílẹ̀ sórí fóònù ní òru, ní àwòrán tó mọ níwọ̀n, bí ó ti yẹ kí n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti ìyá àgbà, ọmọ Bùnú tó fi ìgbà èwe rẹ̀ hun aṣọ, la jọ wò ó. Saro, ahunṣọ tó ti Gbọ̀ngán wá sí Ọ̀yọ́, kò tíì rí ẹyẹ àkàlà tó ní agbára àtijí òkú dìde, tí ìyá àgbà ti ní kí n dá fíìmù náà dúró. Ó ní òfì ọkùnrin nìyẹn, tóóró ni aṣọ rẹ̀ ń jáde. Èyí tí àwọn obìnrin Bùnú fi ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin olóyè, òòró ni í dúró, aṣọ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Nígbà tí Saro bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọba dúnàá-dúrà lórí òkú tí yóò jí, ìyá àgbà pòṣé, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí fíìmù fi parí.

Ẹnìkan ti sọ fún un pé ìtàn náà ní ìtẹ̀síwájú, eré alápá-púpọ̀ tó jáde ní ọdún 2024, ojoojúmọ́ ló sì ń bi mí léèrè rẹ̀. MB 600 ló kù lórí fóònù mi. Mo ti pa kọ̀ǹpútà.