Bí a ṣe ń fi mẹ́gádì sẹ́nu ọ̀nà fáìlì tí àwọn èèyàn ń dáúnlóòdù

Ní ọ́fíìsì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Garki, níbí l'Abuja, ọmọkùnrin kan ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ ó ṣì ń rí ìwé àdéhùn wọn gbà. Wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Àmọ́ àdírẹ́sì fáìlì náà gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí, nítorí orúkọ àti owó oṣù àwọn èèyàn wà nínú ìwé wọ̀nyẹn, Nàìjíríà sì ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì kúrò níbi tí bùráúsà lè dé. Bí wọ́n bá wà lábẹ́ /var/www, ẹ kó wọn lọ sí /srv/faili.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ kóòdù kékeré kan, òun ni mẹ́gádì wa, tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fáìlì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, bíi /gba/1287. Nọ́ńbà inú database ni 1287 yẹn. Ẹ má gba orúkọ fáìlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá kọ ../../ mọ́ ọn lè bá a wọ yàrá tí kò kàn án. Kóòdù yìí á wò ó bóyá ẹni náà ti wọlé, bóyá ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé náà lónìí, á sì kọ orúkọ rẹ̀ àti àkókò sílẹ̀.

Ibi tó kàn ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ní kí PHP, èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù náà, ka odindi fáìlì sínú mẹ́mórì kó tó fi ránṣẹ́. 128MB ni PHP máa ń gbà bí a kò bá yí i padà, nítorí náà àwòrán ilé kan tó tó 200MB á dá a dúró. Bí ẹ bá tiẹ̀ gé e wẹ́wẹ́, ẹnì kan ní Nyanya tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ ń fà lè so PHP mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbà á tán. Mẹ́gádì kì í ru ẹrù. Lọ́jà Wuse, alábàárù ló ń rù ú. Alábàárù tiwa ni nginx, sáfà tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí bùráúsà. Bí kóòdù bá ti yẹ ẹni náà wò tán, kó fi header kan ṣoṣo (ìlà ìsọfúnni tó máa ń ṣáájú ìdáhùn) dáhùn:

X-Accel-Redirect: /aabo/1287.pdf

Kí ẹ sì kọ èyí sínú nginx:

location /aabo/ {
    internal;
    alias /srv/faili/;
}

`internal` yẹn ni àgádágodo: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ /aabo/ sí bùráúsà, 404 (kò sí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀) ló máa rí. Lórí Apache, tó jẹ́ sáfà mìíràn, mod_xsendfile ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, nginx lè bá a lọ láti ibi tó dé. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó lè mú kí dáúnlóòdù kan di márùn-ún nínú àkọsílẹ̀ yín. Èyí tí kò ní Range (header tí bùráúsà fi ń sọ ibi tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀), tàbí tí Range rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, nìkan ni kí ẹ kà.

Ẹ fi filename*=UTF-8'' sínú Content-Disposition, header tó ń sọ orúkọ fáìlì, kí «Ìwé Àdéhùn.pdf» má bàa dé pẹ̀lú àmì ìbéèrè dípò àmì ohùn. Ẹ fi Cache-Control: private kún un, kí sáfà tó wà láàárín má bàa tọ́jú ẹ̀dà fáìlì náà fún ẹlòmíràn.

Níkẹyìn, ẹ fi àkáǹtì tí ẹ ti tì pa dán an wò. 403 (a kò gbà ọ́ láyè) ló yẹ kí /gba/1287 fún un, kí àdírẹ́sì àtijọ́ sì fún un ní 404.