Wọ́n fẹ̀sùn kan fídíò géèmù mi lórí YouTube: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Mo gbá géèmù bọ́ọ̀lù kan, mo gbé fídíò rẹ̀ sórí YouTube. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé mo lo nǹkan oníǹkan. Owó mi ni mo fi ra géèmù yìí o!

Ìdáhùn: Owó àtigbá a lẹ san. Àwòrán, ohùn àti orin inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ géèmù ló ń fẹ̀sùn kan èèyàn, orin ló ń fà á. Ilé-iṣẹ́ géèmù gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orin kí wọ́n tó fi í sínú géèmù, àṣẹ yẹn ò sì dé orí fídíò tiyín. Content ID, ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò tí YouTube ti ń lò láti 2007, ló ń fi ohùn inú fídíò wé èyí tí àwọn olórin ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ YouTube. Kò sẹ́ni tó jókòó wo fídíò yín.

Ẹ ṣí ẹ̀sùn náà nínú YouTube Studio, ibi tí ẹ ti ń ṣàkóso ṣánẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ máa rí orúkọ orin náà àti ibi tó ti dún. Ibẹ̀ náà lẹ ti lè gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ pa orin náà lẹ́nu mọ́, tàbí kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pa orin nínú géèmù kí ẹ tó máa gba fídíò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ géèmù GTA V ni, rédíò inú mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò ní ti ṣánẹ́ẹ̀lì mi pa?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀sùn Content ID kì í ṣe strike, ìyẹn àmì ìjìyà tí YouTube ń fi sára ṣánẹ́ẹ̀lì bí oníǹkan bá ní kí wọ́n yọ fídíò. Owó ìpolówó lè lọ sọ́dọ̀ olórin, tàbí kí fídíò má ṣí láwọn orílẹ̀-èdè kan tàbí níbi gbogbo, ó tán. Strike ló léwu: mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, ṣánẹ́ẹ̀lì lè lọ pátápátá.

Ìbéèrè: Mo ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé èmi kọ́ ni mo ni ín.

Ìdáhùn: Ìyẹn ò tu irun kan lára ẹ̀sùn náà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ́wọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n bá wọn jà?

Ìdáhùn: Bó bá dá yín lójú pé wọ́n ṣì yín mú ni, bẹ́ẹ̀ ni. Olùfisùn ní ọjọ́ 30 láti dáhùn. Bí ẹ bá tètè jà láàárín ọjọ́ 5, YouTube á tọ́jú owó ìpolówó rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ẹ tún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, olùfisùn lè ní kí YouTube yọ fídíò náà, strike á sì dé. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ti rò ó wò dáadáa.

Ìbéèrè: Géèmù ilé-iṣẹ́ Nintendo ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n le.

Ìdáhùn: Láti 2015 títí di òpin 2018, ètò kan wà tí wọ́n fi ń bá oníṣánẹ́ẹ̀lì pín owó. Wọ́n ti pa á tì. Ní báyìí, ẹ lè pawó lórí YouTube bí ọ̀rọ̀ tàbí ọgbọ́n tiyín bá wà nínú fídíò náà. Ẹ má kàn da géèmù sílẹ̀ gbọọrọ láìsọ̀rọ̀, ẹ má sì gbé èyí tí kò tíì jáde síta. Yàtọ̀ sí ti Nintendo, géèmù tó jẹ́ ìtàn ló gba ìṣọ́ra jù: ní Japan, ní 2023, ilé-ẹjọ́ Sendai dá ẹ̀wọ̀n ọdún 2 fún ọkùnrin kan, ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, kò ní lọ bí kò bá tún ṣẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yen (owó Japan) lé e, torí pé ó gbé fídíò irú géèmù bẹ́ẹ̀ síta, òpin ìtàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì fi pawó.

Ìbéèrè: Bí orin náà ò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ?

Ìdáhùn: Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa orin náà.