Bí mo ṣe ṣírò owó orí ilé wa lábẹ́ òfin tuntun

Ìwé owó oṣù méjì ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti oṣù Kejìlá 2025 àti ti oṣù Kìíní 2026. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Nítorí náà, owó orí tí wọ́n yọ nínú oṣù méjèèjì kò yẹ kó dọ́gba. Tèmi dọ́gba géérégé: ₦15,337.87.

Mo wá mú kàkúlétọ̀. Ẹ má da owó tọkọtaya pọ̀ o. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ bíi tèmi, iléeṣẹ́ á yọ ọ́ kí owó tó wọ báńkì. Ti oníṣòwò bíi ti ìyàwó mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ iye tó pa. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Adó-Èkìtì là ń gbé, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ló ni owó méjèèjì, ibi yòówù kí olú iléeṣẹ́ wà.

Owó oṣù mi jẹ́ ₦180,000, ìyẹn ₦2,160,000 lọ́dún. Pẹ́ńṣàn 8% kó ₦172,800 lọ, ó ku ₦1,987,200. Owó ilé tí à ń san jẹ́ ₦300,000 lọ́dún. Òfin tuntun ní kí n yọ 20% rẹ̀, ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦1,927,200. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èyí kò ní owó orí rárá. Ìyókù, ₦1,127,200, wà nínú ìpele 15%, tó gba ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé ₦800,000 yẹn. Owó orí ọdún kan jẹ́ ₦169,080, oṣù kan ₦14,090. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá ibẹ̀ yóò san 18% lórí ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí dé 25% lórí ohun tó bá lé ní ₦50,000,000.

Mo tún ṣe ti òfin àtijọ́ kí n lè mọ ìyàtọ̀. Níbẹ̀, lẹ́yìn pẹ́ńṣàn, wọ́n máa ń yọ ó kéré tán ₦200,000 àti 20% owó tó kù fún gbogbo èèyàn, yálà o san owó ilé tàbí o kò san. Tèmi nínú èyí jẹ́ ₦597,440. Ó ku ₦1,389,760, tí wọ́n wá pín sí 7%, 11%, 15% àti 19%: ₦184,054.40 lọ́dún. Ìyàtọ̀ kò ju ₦14,974.40 lọ. Àwọn tó ń pariwo pé ₦800,000 ti di ọ̀fẹ́ kì í rántí sọ pé àyọkúrò àtijọ́ yẹn ti lọ. Ẹni tó ń gbé nínú ilé bàbá rẹ̀ tí kò san kọ́bọ̀ fún onílé kò ní ₦60,000 tí yóò yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí yóò kàn kọ ₦500,000 síbẹ̀: òkè tí 20% náà kò gbọdọ̀ kọjá ni ₦500,000, àfi ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá tó ₦2,500,000 ló lè dé ibẹ̀.

Iye mẹ́ta ni mo wá fi ń yẹ ìwé owó oṣù wò. Bí mo bá rí ₦15,337.87, kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó oṣù ṣì wà lórí òfin àtijọ́. Bí mo bá rí ₦14,840, wọ́n ti yí i padà ṣùgbọ́n owó ilé kò sí níbẹ̀. ₦14,090 ló pé. Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń sanwó, mo so ìṣirò yìí, rìsíìtì onílé àti ìwé àdéhùn ilé mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ kò lè mọ iye tí o ń san fún onílé bí o kò bá fi han wọ́n. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbà láàyè, kò ní wàhálà yìí, òfin ti yọ ọ́ kúrò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦840,000 lọ́dún lé díẹ̀ ní ₦800,000.

Ti ìyàwó mi ló gba àkókò. Gàrí àti èlùbọ́ ló ń tà ní Ọjà Ọba. Ọjà tó tà lọ́dún tó ₦6,400,000. Owó tó fi ra ọjà, ₦4,900,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, ₦180,000. Ọkọ̀, alábàárù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, ₦220,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,100,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦300,000, 15% rẹ̀ jẹ́ ₦45,000. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦66,000 ni ì bá jẹ́. Àpapọ̀ ilé wa wá sílẹ̀ láti ₦250,054.40 sí ₦214,080.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á kọ iye ọjà tí wọ́n tà sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ èrè sí. Bí ìyàwó mi bá kọ ₦6,400,000, owó orí yóò di ₦942,000, èrè ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán! Nítorí náà ni ìwé ọjà fi gbọdọ̀ ní ọjọ́, iye àpò, ẹni tó tà á fún un, àti iye. Gàrí tí a bù jẹ nílé àti owó ilé-ìwé ọmọ kì í ṣe ìnáwó ọjà, a kò fi wọ́n síbẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù wà lára ìnáwó ọjà, kì í ṣe lára 20% owó ilé.

Owó ilé tí à ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, torí orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì. Níwọ̀n bí a ti jọ wà ní 15%, ₦9,000 kan náà ni yóò dín kù lọ́dọ̀ ẹni tó bá yọ ọ́. Ká ní èrè ìyàwó mi kò tó ₦800,000 ni, òfo ni ì bá jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ọ̀kan nínú wa ti wọ ìpele 18%, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ì bá dára jù.

Fáìlì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: ìwé ọjà, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, ìdìpọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rá, àti ojú ìwé ìṣirò kan. Yóò dé iwájú àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé ọdún ọjà náà tó kọjá.