Bọ́tìnnì ẹ̀rọ bíréèlì kò dáhùn mọ́? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ̀rọ bíréèlì ni ẹ̀rọ tí àwọn tí kò ríran máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ìka ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Bí bọ́tìnnì tí a fi ń lọ síwájú-sẹ́yìn lórí rẹ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ni pé wọ́n á gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní ìgboro. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀rọ yìí kò jọ inú fóònù. Kókó kọ̀ọ̀kan tí ìka ń bà dúró lórí pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan tó máa ń tẹ̀ bí iná bá kàn án, kókó mẹ́jọ ló sì wà ní àyè lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ní àyè lẹ́tà 40 ní 320 irú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà tó fi sukudiráfà tú u, nítorí bọ́tìnnì kan, lè ba odindi ìlà jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tiẹ̀ sí ohun tó ṣe bọ́tìnnì ọ̀hún. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ wà.

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù ni pé a kì í wádìí bóyá títẹ̀ tí a tẹ bọ́tìnnì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta, ti fi ọ̀nà ìwádìí sínú ara rẹ̀. Ẹ di Insert mú, kí ẹ tẹ 1 tó wà ní ìlà òkè kíbọọ̀dù. Á sọ pé input help ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ àti ohun tó wà fún nìkan ni NVDA á máa pè. Ẹ wá gbé ọwọ́ sórí ẹ̀rọ bíréèlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ẹ máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí. Bó bá pe orúkọ bọ́tìnnì tó sì sọ iṣẹ́ rẹ̀, ara bọ́tìnnì yẹn le, ibòmíràn ni kí ẹ wò. Bó bá pe orúkọ láìsọ iṣẹ́, a ò tíì gbé iṣẹ́ fún un ni: ẹ wọ Input Gestures nínú Preferences kí ẹ fún un. Bó bá dákẹ́ pátápátá, títẹ̀ náà kò dé. Ẹ má gbàgbé láti tẹ Insert àti 1 lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ó rò pé gbogbo kíbọọ̀dù ti kú.

Ẹ má tan NVDA àti JAWS, ètò mìíràn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà, pọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ di ẹ̀rọ bíréèlì mú ni yóò máa lò ó, èkejì á máa wá a tì. Bákan náà ni Narrator, èyí tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà tó bá Windows wá: lórí àwọn Windows tó ti pẹ́, bí ẹ bá tan bíréèlì rẹ̀ láti dán an wò, ó máa ń pààrọ̀ driver ẹ̀rọ náà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), NVDA kò sì ní rí i mọ́. Ẹ yọ bíréèlì Narrator kúrò nínú Settings, kí ẹ dá driver ti tẹ́lẹ̀ padà nínú Device Manager.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Baálẹ̀ pè mí pé Focus 40, ẹ̀rọ bíréèlì òun, ń fo ìlà. Wọ́n ti ní kó lọ wá owó òmíràn! Bọ́tìnnì kékeré kan wà nítòsí NAV, bọ́tìnnì tí a fi ń lọ síwájú-sẹ́yìn lára ẹ̀rọ yẹn, tó ń yí iṣẹ́ NAV padà bí a bá ń lo JAWS: láti ìlà sí gbólóhùn, sí ìpínrọ̀. Ìka rẹ̀ ló ti kàn án, ìpínrọ̀-ìpínrọ̀ ló wá ń lọ. Títẹ bọ́tìnnì kékeré yẹn títí tó fi padà sí ìlà ló parí ọ̀rọ̀. Nínú NVDA, Insert, Ctrl àti T náà lè ṣe irú rẹ̀: bó bá ti so bíréèlì mọ́ review (ibi tí a ń yẹ ojú kọ̀ǹpútà wò), lẹ́tà kò ní tẹ̀lé ibi tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ẹ dá a padà sí automatically.

Àwọn ẹ̀rọ tó lè fi ìwé pamọ́ sínú ara wọn, bí Orbit Reader 20, ní ìṣòro tiwọn. Bó bá jẹ́ pé inú ìwé yẹn lẹ wà, ìwé ni bọ́tìnnì ń ṣí, kò kan kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì wá bọ́tìnnì tó ń gbé kọ́sọ̀ (àmì ibi tí a ń kọ̀wé sí) lọ sórí lẹ́tà lára Orbit Reader 20. Kò ní in.

Ti iná wa náà wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ tí lápútọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, Windows lè pa ojú USB láti ṣọ́ iná lò. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà, wọ́n á tún tì í bọ inú ihò rẹ̀ títí ihò náà á fi fẹ̀. Ẹ wọ Device Manager, ẹ ṣí USB Root Hub, kí ẹ yọ àmì tó fún kọ̀ǹpútà láyè láti pa á lábẹ́ Power Management. Lórí Bluetooth, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fóònù yín ló ti gba ẹ̀rọ náà.

Nígbà ọyẹ́, eruku Òṣogbo máa ń wọ abẹ́ bọ́tìnnì. Ẹ má da spirit lé e. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ríran tí ẹ fẹ́ ṣèrànwọ́, ẹ má já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó dùn mí gan-an bí mo bá rí i. Ẹ ṣí Braille Viewer nínú Tools ti NVDA, ẹ ó rí ohun tí ìka rẹ̀ ń kà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì jọ wá ojútùú.

Bí bọ́tìnnì kan bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, tó jẹ́ pé ó dákẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín, láìtíì tú ìdè kankan lára rẹ̀.