Bí Ọ̀gá Iṣẹ́ Ṣe Lè Gba Ara Rẹ̀ Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Másùnmáwo

Iṣẹ́ ọ̀gá kì í dá ènìyàn lágara nítorí pé ó pọ̀ nìkan. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò ní ibi tí a ti lè sọ pé ó parí. Bíríkìlà mọ iye bíríkì tí òun tò lónìí, ẹni tó ń tẹ ìwé sì mọ iye ojú ewé tí òun tẹ̀, ṣùgbọ́n alábòójútó tí ó bá òṣìṣẹ́ méje sọ̀rọ̀, tí ó parí aáwọ̀ méjì, tí ó jókòó ní ìpàdé mẹ́ta, tí ó sì buwọ́ lu ìwé tí kò lóǹkà, a máa délé lálẹ́ láìrí ohun kan pàtó tí ó lè nawọ́ sí pé òun ṣe. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń bá a wọlé nìyẹn, tí ó ń bá a jókòó ti oúnjẹ, tí ó sì ń jí i ní aago mẹ́ta òru.

Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ènìyàn sinmi, kí ó gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí ó máa mí kanlẹ̀. N kò bẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ìṣòro tí a fi sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì bá tún ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹrù la kàn sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Inú iṣẹ́ gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá nínú iye ohun tí ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá kí ó tó lè lọ síwájú.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe nínú ara

Másùnmáwo fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Nígbà tí ọpọlọ bá rí ohun tó jọ ewu, ìbáà jẹ́ ẹranko burúkú tàbí ìpè fóònù láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, yóò ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín kí wọ́n tú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kì kì, ìfúnpá yóò lọ sókè, ṣúgà yóò sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò. Bí ewu náà bá kọjá, ara yóò rọlẹ̀. Wàhálà iṣẹ́ alábòójútó ni pé ewu náà kì í kọjá, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni.

Bí èyí bá pẹ́, agbára ènìyàn lè tán. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ipò yìí nínú àtòjọ tí wọ́n fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí, wọ́n sì là á yéni pé ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, pé kì í ṣe àìsàn. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi dá a mọ̀: kí okun tán pátápátá lára ènìyàn, kí iṣẹ́ sú u débi tí kò fi rí ohun rere kankan nínú rẹ̀ mọ́, àti kí iṣẹ́ tí ó ń ṣe má já geere mọ́. Ní ọdún 2021, àjọ yìí àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí jáde pé, bí a bá fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù fún un, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 pọ̀ jù. Ẹ fi 55 yẹn sọ́kàn.

Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe síbẹ̀, pẹ̀lú aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ parí. Ímeèlì tí ẹ dáhùn lórí ibùsùn wà lára rẹ̀. Ìpè tí ẹ gbà nígbà tí ọmọ ń fi iṣẹ́ àmúrelé hàn yín wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́, nítorí a kì í rántí àwọn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó ń jẹ alẹ́ run. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ro wákàtí náà pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ti ń súnmọ́ 55.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan: èyí tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é, èyí tí ẹlòmíràn lè ṣe bí a bá kọ́ ọ, àti èyí tí ohunkóhun kò ní bàjẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é. Abala kẹta yìí ló máa ń ti ènìyàn lójú jù. Ìjábọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ láti ọjọ́ tí ẹni tó béèrè fún un ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìpàdé tí a ń ṣe kìkì nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é, irú wọn kì í lọ bí a kò bá lé wọn.

Kí a pín iṣẹ́, kí a pín àṣẹ

Gbogbo ọ̀gá ló gbà pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ń pín iṣẹ́ láìpín àṣẹ. Bí ẹ bá ní kí òṣìṣẹ́ kan máa bójú tó àròyé àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́dọ̀ wá bi yín léèrè kí ó tó dá owó padà, kí ó tó tọrọ àforíjì, kí ó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ kò tíì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìránṣẹ́ ni ẹ kàn yàn; ìrònú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni náà, kí ẹ sì pààlà àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé: iye owó tí ó lè fọwọ́ sí láìbéèrè, irú ọ̀rọ̀ tí ó lè parí kí ó tó wá sọ fún yín, àti ìwọ̀nba èyí tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé láìjẹ́ pé ẹ ti gbọ́ sí i. Ojú ewé kan ti tó.

Yóò ṣe àṣìṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gba iṣẹ́ wọn padà, tí wọ́n á ní àwọn ti sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é bí àwọn. Òótọ́ ni pé níbẹ̀rẹ̀, kíkọ́ ènìyàn ń gba àkókò ju kí ẹ ṣe é fúnra yín lọ, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ gbóná jù. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa ń yọjú lóṣooṣù, tí àṣìṣe inú rẹ̀ kò lè wó ilé iṣẹ́ lulẹ̀, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣì í ṣe, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe.

Àṣà kékeré kan tún wà tí ó ń tú ọ̀gá sílẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbé ìṣòro wá, tí ó ní, “Ọ̀gá, kí ni ká ṣe?”, ẹ bi í pé, “Kí ni ìwọ rò pé ó yẹ ká ṣe?”, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le fún ẹni tó ti mọ́ lára láti máa dáhùn kíákíá (èmi náà jẹ̀bi rẹ̀ fún ọdún púpọ̀), ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àṣà, ọ̀pọ̀ yóò máa mú ìdáhùn dání wá, àwọn mìíràn kò sì ní wá rárá.

Bí a ṣe ń bá ẹni tó wà lókè sọ ọ́

Ní ọdún 1979, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Robert Karasek ṣàlàyé pé iṣẹ́ tó pọ̀ nìkan kọ́ ló ń fa másùnmáwo: ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ẹni tó ń ṣe é kò sì ní ohùn nínú bí yóò ṣe ṣe é, ni ó máa ń le jù. Alábòójútó tó wà láàárín mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àṣẹ ń ti òkè bọ̀, àròyé ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ìpinnu kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ bá ọ̀gá yín, ẹ má kàn sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, nítorí òun náà yóò sọ pé ti òun pọ̀. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn dání, kí ẹ sì béèrè ohun tó ṣeé dáhùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ńlá mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi, méjì péré ló lè parí dáadáa kí oṣù yìí tó tán. Èwo ni ẹ fẹ́ kí n fi ṣáájú?” Bí ó bá ní gbogbo rẹ̀ ni, ẹ béèrè fún ẹnì kan sí i tàbí fún àṣẹ láti yí gbèdéke padà, kí ẹ sì fi ímeèlì kúkúrú ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí.

Títi ilẹ̀kùn iṣẹ́

Ní ọdún 2009, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy kọ nípa bí apá kan ọkàn wa ṣe máa ń kù sórí iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí a bá ti fò sórí òmíràn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń relé. Nítorí náà, ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn sọ́tọ̀: ẹ kọ ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ óò kọ́kọ́ ṣe lọ́la, kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá délé, kí fóònù iṣẹ́ wà ní yàrá mìíràn.

Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti kúrò lórí fóònù àti ímeèlì iṣẹ́ lẹ́yìn àkókò; Ọsirélíà náà ní tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Àmọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọn yóò dáhùn, ẹ̀yin náà yóò sì tún fèsì, alẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ tò ó sílẹ̀ kí ó lọ láàárọ̀. Ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí a lè pè ní pàjáwìrì: bí ó bá jẹ́ irú rẹ̀, kí wọ́n pè, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó dúró.

Nílé, ẹ sọ òótọ́ fún ìdílé yín nípa àwọn ọ̀sẹ̀ tó máa le, kí wọ́n má baà máa rò pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ yín, kí ẹ sì mú ohun kan tí ẹ kò ní pàdánù láéláé, ó lè jẹ́ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì ṣe máa darí ọkọ tàbí aya àti ọmọ bí ẹni ń ṣe ìpàdé; wọn kò gba owó oṣù lọ́wọ́ yín.

Ní ti ara, oorun ló ṣáájú: wákàtí méje ó kéré tán fún àgbàlagbà. Kọfí tí a mu ní ìrọ̀lẹ́ ń dí i lọ́wọ́, nítorí nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì kaféènì náà ṣì lè wà nínú ara. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ wà nínú ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn, a sì lè pín in sí ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun yín, ẹ wá ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Bí oorun bá ti dá lójú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọtí ni ẹ fi ń wá oorun, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá sì ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn jù, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ má sì dá wà.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kọ ọ̀sẹ̀ mìíràn sílẹ̀, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti pín iṣẹ́, tí ẹ ti sọ̀rọ̀ lókè, tí ẹ ti ń ti ilẹ̀kùn, tí wákàtí náà kò sì dín, a jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni wọ́n gbé sórí ẹnì kan. Ìwé méjèèjì ni kí ẹ gbé lọ síwájú ọ̀gá yín.