Bí mo ṣe fi dọ́là Carson City mi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kejì

Dọ́là Morgan ni mo ń kó jọ. Owó ẹyọ fàdákà Amẹ́ríkà ni. George T. Morgan ló ya àwòrán ara rẹ̀, wọ́n rọ ọ́ láti 1878 di 1904, wọ́n sì tún rọ ọ́ ní 1921. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú tèmi ni ti 1884 tí wọ́n rọ ní Carson City, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Ẹ ó rí lẹ́tà CC kékeré lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ka ewé tó wà nísàlẹ̀ ẹyẹ idì. PCGS, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò tó sì ń fún un ní ìpele, ti wò ó, wọ́n fún un ní MS-64 (MS ni owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná) lórí òṣùwọ̀n tó lọ láti 1 dé 70, wọ́n sì ti sé e mọ́ inú ike. Mo tún ní ti San Francisco kan, 1881, tí wọ́n fún ní MS-66. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kí CAC, ilé-iṣẹ́ tó ń tún ìpele tí irú PCGS fún owó yẹ̀ wò, bá mi wò.

John Albanese ló dá CAC sílẹ̀ ní New Jersey ní 2007. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ PCGS ní 1986, òun náà ló sì dá NGC, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sílẹ̀ ní 1987, nítorí náà ó mọ iṣẹ́ yìí tinú tẹ̀yìn. Ohun tó rí ni pé owó méjì lè jẹ́ MS-64, kí ọ̀kan kún ojú ìwọ̀n dáadáa, kí èkejì kàn rá pálá wọlé, síbẹ̀ nọ́ńbà kan náà ló wà lára ike àwọn méjèèjì. CAC kì í ṣí ike. Láti ìta ni wọ́n ti ń wo owó náà. Bó bá dúró gbọn-in ní ìpele rẹ̀, wọ́n á lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé kékeré mọ́ ike, èyí tí àwa tí ń kó owó jọ ń pè ní ẹ̀wà. Bó bá tọ́ sí ju ohun tí wọ́n kọ lọ, sítíkà aláwọ̀ wúrà ni. Bí kò bá kúnjú ìwọ̀n tiwọn, á padà wálé bó ṣe lọ.

Kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, èmi fúnra mi kọ́kọ́ yẹ ike wò, torí àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ayédèrú ike báyìí, wọn kò mọ sórí owó nìkan. Mo tẹ nọ́ńbà tó wà lára ike sínú ìkànnì PCGS. Ọdún, ilé ìrọwó àti ìpele tó jáde bá èyí tó wà lọ́wọ́ mi mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀ o! Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè da nọ́ńbà owó gidi kọ, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike tirẹ̀, nọ́ńbà náà á sì jáde lórí ìkànnì wẹ́rẹ́. Àwòrán ló ń tú àṣírí.

Àwòrán owó mi wà lórí ìkànnì náà, mo sì fara balẹ̀ sí i. Inú àpò tó ń gba 1,000 ẹyọ ni wọ́n ń da dọ́là wọ̀nyí sí láyé ìgbà náà, wọ́n á sì máa gbá ara wọn. Nínú 1,136,000 tí wọ́n rọ ní Carson City ní 1884, ó ju 950,000 lọ tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba títí wọ́n fi tà wọ́n fún aráàlú láàárín 1972 sí 1980. Kò sí bí irú owó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní ní àpá. Àpá wọ̀nyẹn ni mo gbójú lé, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ẹni tó sọnù sójú ogun. Lórí tèmi, àpá tínrín kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tí wọ́n ya orí rẹ̀ síwájú owó náà, òmíràn sì wà níwájú imú rẹ̀. Mo wá wọn lórí àwòrán, mo bá wọn níbi tó yẹ kí wọ́n wà gẹ́lẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà náà ni mo wá wo ìpele. Mo pa iná yàrá, mo tan àtùpà orí tábìlì kan ṣoṣo, mo ń yí ike náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi nǹkan nù rí, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn yí ká ojú rẹ̀ láìdá. Ti Carson City ṣe bẹ́ẹ̀. Ti San Francisco náà dán, àmọ́ àpá kan wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ojú kì í fò, mo sì rò ó pé MS-66 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, mo kọ nọ́ńbà ike méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù, mo sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni mo ti fi wọ́n ránṣẹ́, lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Registered Mail, torí ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń buwọ́ lù ú títí á fi débẹ̀, ìbánigbófò rẹ̀ sì lè dé $50,000. Bẹ́ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má fi sẹ́lótéèpù aláradídán di páálí náà. Téèpù oníwèé ni wọ́n ń fẹ́ ní gbogbo oríkèé páálí, torí wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e, yíǹkì kì í sì í mú lára ọ̀rá.

Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé wà lára ti Carson City. Ti San Francisco kò ní nǹkan kan. Mo padà tẹ nọ́ńbà ti Carson City sínú ìkànnì CAC, torí àwọn kan ń ṣe ayédèrú sítíkà pàápàá, ó sì jáde pé àwọn ló lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

Àìgba sítíkà kò sọ pé PCGS purọ́. Albanese fúnra rẹ̀ pín owó inú ìpele kọ̀ọ̀kan sí A, B àti C: A àti B ń gba sítíkà, C tọ́ sí ìpele rẹ̀ ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà. Èmi kò ní ta ti San Francisco yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta irú rẹ̀ fún mi ní iye tí wọ́n ń ta èyí tó ní ẹ̀wà, màá ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àtùpà.