Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ Ìṣẹ́gun Láì Sọ Ọ́ Di Ìṣègùn

Pátákó ni mò ń kọ ní Gáréèjì Ọ̀fà, ní Ìlọrin níbí. Pásítọ̀ kan gbé iṣẹ́ fún mi: Ilé Àdúrà Ìṣẹ́gun. Ìgbà tó dé, ó wo pátákó, ó wò mí. "Ọ̀gá, ṣé mo jọ ẹni tó ń ta àgbo ni?" Ìṣègùn ni mo kọ gàdàgbà! Ọ̀dà kò tíì gbẹ, mo bá fi kẹrosíìnì nù ún. Àpò mi ni owó ọ̀dà kejì ti jáde.

Kí ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà. Ṣẹ́ àti ogun ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé, a pa "o" jẹ, ó di ṣẹ́gun. Ẹ fi "ì" síwájú, ó di ìṣẹ́gun. Lójú tèmi, ṣẹ́ tí à ń ṣẹ́ igi náà nìyẹn: ẹni tó ṣẹ́gun ti kán ogun bí igi gbígbẹ. Ṣe àti oògùn ló wà nínú ìṣègùn ní tirẹ̀, "e" rẹ̀ kò sì ní àmì nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè é sókè. Ìṣẹ́gun: dò-mí-re. Ìṣègùn: dò-dò-dò. Bí ohùn yín kò bá gòkè níbi ṣẹ́, alágbo lẹ ń kọ pátákó fún. Ẹ má sì fi àmì òkè sórí "gun" o. Ìyẹn ti ń lọ sọ́dọ̀ Ògún alágbẹ̀dẹ.

Ẹ́ yìí ló ń yọ wá lẹ́nu jù, nítorí ó ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè lẹ́tà ńlá. Ẹ kán àmì ìsàlẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà tán. Ẹni tó bá ní òun ó padà wá kán an, ó máa gbàgbé.

Àwọn Àáfà tún ń gbé naṣr àti fatḥ wá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì tí wọ́n sábà máa ń túmọ̀ sí ìṣẹ́gun. Méjèèjì wà nínú Súrà 110 nínú Kùránì. Ìrànlọ́wọ́ ni naṣr, ṣíṣí sì ni fatḥ. Inú ilé fatḥ yẹn náà ni Fátáì ti wá. Yorùbá ń ṣẹ́, Lárúbáwá ń ṣí! Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kí ẹ tó kọ ìṣẹ́gun dípò wọn. Ẹnì kan sọ fún mi pé "Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run" lòun fẹ́, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ yẹn ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó ṣí agolo ọ̀dà, òun fúnra rẹ̀ á ti máa pè é sí mi létí: dò-mí-re.